Ẹ jẹ́ n ka ìwé ìfẹ́ mi jàre

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, aṣọ ẹbí ìsìnkú mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lóṣù yìí, kíákíá kíákíá ni gbogbo wọn sì ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu láti àná, bí mi ò bá sọ ọ́ mi ò ní rí oorun sùn.

Mo ka nọ́fẹ̀lì kan tán. Ìwé ìfẹ́ ni. Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ibi tí mo jókòó sí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń ka ìwé ìfẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà rí i lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sókè bí ẹni gbé òkú eku, ó ní ṣé ìwé yìí ló máa bá mi rán aṣọ àwọn èèyàn ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra, ẹ máa bá mi sọ ibi tí mo kà á dé nù.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó máa ń tẹ́ ìwé tòkúnbọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rá nítòsí Ọjà Ọba l'Ádó níbí ni mo ti rà á, ₦400 péré, èèpo iwájú ti ya dànù, torí náà ẹ má bi mí ní orúkọ ìwé, mi ò mọ̀ ọ́n, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ gan-an mi ò rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láàárín 1811 sí 1820, ìgbà tí orí ọba wọn George Kẹta ò pé mọ́ tí ọmọ ẹ̀ wá ń bá a di ìjọba mú. Àwọn tó ń kọ ìwé ìfẹ́ fẹ́ràn ọdún mẹ́sàn-án yẹn bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ra wọn rí láyé yàtọ̀ sí ìgbà náà.

Obìnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Harriet. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, nígbà yẹn wọ́n ti ka irú ẹ̀ sí ẹni tí ọkọ ti kọjá lórí, àwọn àǹtí ẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Kò kàn án. Bàbá ẹ̀ kú, ó fi ọgbà ẹṣin sílẹ̀ fún un, òun ló ń tọ́jú wọn, òun ló ń bá wọn gbẹ̀bí, òun náà ló ń tà wọ́n. Ìgbà tí ìjòyè ńlá kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Earl wá ra abo ẹṣin dúdú kan lọ́wọ́ ẹ̀, Harriet kàn ń wo bó ṣe di ìjánu mú, ó ní òun ò tà. Ọkùnrin náà ní owó wà o. Harriet ní, "Owó yín dáa, ọwọ́ yín ni ò dáa." (Èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ó dùn ní Yorùbá ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ.) Ìbínú mú Earl, ó fi agídí gun ẹṣin, ẹṣin gbé e débi odò kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọgbà ó dúró gbàgì, bàbá olówó fò kọjá orí ẹ̀ ó lọ já sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Harriet ò sáré. Ó rọra ń rìn bọ̀. Kò nawọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n lọ pọn omi garawa kan wá. Ọkùnrin yìí jókòó sínú ẹrẹ̀ yẹn pẹ̀lú aṣọ funfun báláú tí wọ́n fi sítáàṣì sí lọ́rùn ẹ̀, ó wo garawa, ó wo Harriet, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkọ ti dé. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù wà lórí bùbá ìyá kan, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi tó pariwo.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mò ń lọ. Obìnrin tí ò gba gbẹ̀rẹ́ ti pọ̀ nínú irú ìwé báyìí, ẹnu wọn á mú ṣáṣá lójú ewé kìíní, tó bá wá dé àárín ìwé wọ́n á kàn máa sunkún, wọ́n á máa dákú, ọkùnrin ni á máa gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Mi ò fẹ́ràn yẹn. Ẹnu mímú nìkan ò ṣe nǹkankan. Ohun tó jẹ́ kí ti Harriet dùn mọ́ mi ni pé ó lówó, owó ọwọ́ ara ẹ̀, torí náà tó bá ní "mi ò ṣe", kò sí ẹni tó lè fi oúnjẹ halẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ò ṣe eré fún un, torí òfin wọn nígbà yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀, tí obìnrin bá ti lè lọ sílé ọkọ pẹ́nrẹ́n, owó tó ní, ohun ọ̀ṣọ́ tó ní, ẹran tó ń sìn, gbogbo ẹ̀ di ti ọkọ, ilẹ̀ tó bá ní náà, ọkọ ni yóò máa gba owó tó bá ń wọlé lórí ẹ̀. Ẹṣin Harriet látòkè délẹ̀! Ẹni tí ò lè jókòó lórí ẹyọ kan nínú wọn ló máa jogún gbogbo wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kí lọ́yà kọ ìwé ṣáájú, kí wọ́n fi nǹkan náà sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́ pé ti obìnrin yìí ni fún ìlò ara ẹ̀ nìkan. Ọdún 1870 ni wọ́n tó gbà kí abilékọ máa pa owó tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún mọ́, ó di 1882 kí wọ́n tó wá sọ pé nǹkan ìní ẹ̀ jẹ́ tiẹ̀. 1882! Àwọn baba ńlá wa nínú Èkìtì Parapọ̀ ti wà lójú ogun Kírìjì nígbà yẹn.

Mo kà á débẹ̀, ìyá ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìjerò ni wọ́n wà, kíjìpá ni wọ́n ń hun, òfì obìnrin yẹn, èyí tí wọ́n máa ń gbé nàró sára ògiri nínú ilé, a máa ń sùn lọ́sàn-án tí ìró ẹ̀ á máa dún gbà, gbà, gbà. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ inú àpótí onípákó kan ló ń wọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nídìí ìró wọn. Bàbá àgbà yá owó lọ́wọ́ wọn nígbà kan láti ra oògùn kòkó. Wọ́n yá a o. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá ọjọ́. Bàbá san án, síbẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà, tí àlejò bá ti wà níjòkòó, ìyá á ní "ìgbà tí mo yá ọ lówó kòkó", bàbá á ní "mo san án, mo san án". Ìgbà tí ìyá kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ṣí àpótí yẹn, bàbá ò tilẹ̀ wọ yàrá. Bó ṣe wà nílẹ̀ wa nìyẹn, nǹkan ìyá, ọmọ ìyá ló ń pín in. Ṣé ẹ wá rí àwọn tó máa ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ obìnrin wa láti ní àpò tiẹ̀, mo máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti lówó tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀, ó ti kú ní 1874, òyìnbó ò tíì yanjú ti ìyàwó tiwọn.

Mi ò sọ pé ayé rọgbọ fún ìyá mi àgbà o. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá ní, kò sí ẹni tó fún un ní ilẹ̀ kan tó lè pè ní tiẹ̀ ní agbolé yẹn. Owó ọwọ́ ẹ̀ nìkan ni mò ń wí.

Ìwé náà ní àléébù tiẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń mu tíì nínú ẹ̀, ṣíbí súgà mẹ́ta mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè níbi tí súgà ti wá. 1807 ni wọ́n fòfin de òwò ẹrú lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó di 1833 kí wọ́n tó ṣòfin pé kí wọ́n tú àwọn tó wà lóko ìrèké ọ̀hún sílẹ̀. Ilé ńlá Earl yìí, ta ló kọ́ ọ? Mo rò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, inú mi bàjẹ́ díẹ̀, mo sì ṣí ewé tó kàn. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Ti aṣọ ni mi ò ní gbójú fò. Gẹ́gẹ́ bíi télọ̀, ẹni tó kọ ìwé yìí mọ̀ nípa aṣọ! Abẹ́ ọmú ni wọ́n ń fa ìbàdí aṣọ sí nígbà yẹn, òkè ká mọ́ra, ìsàlẹ̀ á wá tú sílẹ̀ títí dé ẹsẹ̀, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Mo ti rán irú ẹ̀ fún aláboyún láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé aṣọ àwọn ọmọ ọba ni. Oníbàárà mi kan ti ní kí n fi àdìrẹ rán an fún òun, a máa rí i.

Àbúrò Harriet náà tiẹ̀ sá tẹ̀ lé sójà kan. Wọ́n ń lọ sí Gretna Green, ìlú kan lẹ́nu ibodè Scotland tí àwọn ọmọ máa ń sá lọ ṣègbéyàwó, torí òfin 1753 ní ẹni tí ò bá tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ò lè fẹ́ ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ òbí, òfin náà ò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Scotland. Wọn ò dé ibì kankan. Ẹṣin tí wọ́n jí gbé ti ń tiro láti ọjọ́ Mọ́ńdè, Harriet nìkan ló mọ̀. Ó jẹun tán kó tó gbéra lọ mú wọn.

Ìgbà tí Earl wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, èmi ti ń wá aṣọ ìnujú. Harriet gba òdòdó, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní ó dáa, lọ́yà yín ńkọ́? Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó ti kọ ìwé yẹn tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹṣin ló wà níbẹ̀ lórúkọ lórúkọ, títí kan dúdú tó dà á sẹ́rẹ̀. Ẹkún bọ́ lójú mi nígbà náà. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ bá fẹ́.

Ẹ má wá yá a lọ́wọ́ mi o, ó ti wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi. Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó tiẹ̀, ó sì ti ń dá owó máṣíìnì tirẹ̀ jọ látọdún tó kọjá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Lónìí tá a ń palẹ̀ mọ́, ó wá dúró tì mí, ó ní àǹtí, ṣé ẹ mọ lọ́yà kankan? Mo ní kí lo fẹ́ fi lọ́yà ṣe. Ó ní àfẹ́sọ́nà òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "máṣíìnì wa".