Làákàyè Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Bí àríyànjiyàn bá ti le díẹ̀, ẹnìkan á gbóhùn sókè: "Ẹ jẹ́ ká lo làákàyè o! Èyí ò gba ìwé." Mò ń gbọ́ ọ ní ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa, mò ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò Nyanya. Bó bá ti jáde báyìí, ẹnu gbogbo wa á wọhò, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìnílàákàyè lójú àwùjọ? A ti gbà pé nǹkan kan ṣoṣo ni làákàyè, pé ọgbọọgba ni Ọlọ́run pín in fún gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ pé, àti pé ibi tó bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn Gbagyi, tí wọ́n wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá kí ìjọba àpapọ̀ tó kó dé síbẹ̀ ní 1991. Èjìká ni obìnrin Gbagyi ń gbé ẹrù lé: igi ìdáná ni o, igbá ni o, omi ni o. Wọ́n ní orí ni ọba ara, kò yẹ kó máa ru ẹrù. Nílé tiwa, ọmọ tó bá gbé igi lé èjìká báyẹn, ìyá rẹ̀ á bi í pé kí ni òṣùká wà fún. Bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń kí orí, tí à ń bẹ orí, ló yẹ kí ọ̀rọ̀ Gbagyi kọ́kọ́ yé. Kò sí ẹni tí kò gbọ́n níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi tọ́ kálukú ló ń pè ní làákàyè.

Mark Whiting àti Duncan Watts ti Yunifásítì Pennsylvania wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, èsì wọn sì jáde ní 2024. Wọ́n pín gbólóhùn 4,407 fún ènìyàn 2,046: ṣé o gbà á, ṣé o sì rò pé àwọn yòókù á gbà á? Lórí òótọ́ ṣákálá nípa ayé tí a ń fojú rí, ohùn wọn sún mọ́ra. Bó ti kúrò níbẹ̀, ohùn yà. Ohun tí gbogbo wọn jọ gbà kéré gan-an.

Ibi tó dùn mí jù ni ti ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ ń ṣu omi, àgbà kan nínú ilé á gba ife lọ́wọ́ rẹ̀: "Omi náà ló ń tú jáde yìí, ẹ tún ń fún un lómi?" Ó jọ òótọ́. Àmọ́ omi ara tó ń tán lọ yẹn gan-an ló ń pa ọmọ. Ní 1971, kọ́lẹ́rà wọ àárín àwọn ogunléndé tó sá láti ibi tó di Bangladesh lónìí wá sí Bangaon ní Íńdíà. Omi dírípù ń tán lọ, ni dókítà Dilip Mahalanabis bá po iyọ̀ àti glucose mọ́ omi, ó ní kí àwọn ará ilé máa fún aláìsàn mu. Ikú tó ń pa nǹkan bí 30 nínú 100 já wálẹ̀ sí bíi 4. Glucose ló ń mú iyọ̀ wọlé láti inú ìfun, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Òun náà ni ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì: ìdì kan sí lítà omi kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tó bá jẹ́ 50cl. Síbẹ̀, ní 2021, kọ́lẹ́rà pa ju 3,500 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ìhà àríwá níbí ló sì ti jà jù.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé làákàyè ló fi hàn bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé, "Gbogbo ẹni tó yí mi ká ló gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí mọ́." Nígbà míì, ọjọ́ orí ló ń fi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ má bá a jà. Ẹ kúnlẹ̀ bó bá gba ìkúnlẹ̀, kí ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi gbà bẹ́ẹ̀?" Bí màmá bá ní àwọn rí ọmọ tó mu omi, tó sì bì í padà lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ tí a lè jọ yẹ̀ wò, torí ó ní ìdáhùn: ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀.