Ojú ni kò ríran, àbí ilẹ̀ ni kò gba irúgbìn? Bí wọ́n ṣe ń yan quarterback ní NFL

Ọmọ Ìbàdàn Chicago
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2017, mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún yẹn, ẹgbẹ́ wa nínú NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, Chicago Bears, ló máa mú ẹni kẹta nínú draft, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn ọmọ tuntun. Wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n gbé ipò kẹta fún San Francisco, wọ́n tún fi ipò mẹ́ta mìíràn lé e lórí, torí kí wọ́n lè sún síwájú sí ipò kejì. Ìṣísẹ̀ kan péré! Mitchell Trubisky ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ọmọ tó jẹ́ pé ìdíje 13 péré ló ti bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì North Carolina. Patrick Mahomes sì wà nílẹ̀. Ó wà nílẹ̀ títí dé ìkẹwàá, kí Kansas City Chiefs tó gbé e. Mahomes ti gba Super Bowl, àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa, nínú gbogbo ìtàn ẹgbẹ́ wa, a ò tíì ní quarterback kan tí bọ́ọ̀lù tó jù pé yáàdì 4,000 ní sáà kan. Èrò mi nìyí: àwọn tó ń yan quarterback fún wa kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ojú wọn ni kò ríran.

Délé Mushin
Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó lọ jìnnà, Super Bowl nìkan lèmi máa ń wò nínú eré yìí. Báwo ni draft ṣe ń lọ?

Kóòṣì Tọ́pẹ́ Maryland
Délé, ẹgbẹ́ 32 ló wà ní NFL. Ní oṣù kẹrin ọdọọdún, wọ́n máa ń mú àwọn ọmọ tó ń ti yunifásítì bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpele 7. Ẹgbẹ́ tó burú jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ lè ta ipò rẹ̀ fún ẹlòmíì, ìyẹn ni ohun tí Ọmọ Ìbàdàn ń sọ. Quarterback ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọlu ọ̀tá. Tí òun bá bàjẹ́, kò sí bí àwọn yòókù ṣe lè dára tó.

Bàbá Ṣẹ́gun Houston
Ọmọ Ìbàdàn, ohun tó ṣe yín yẹn ti ṣe àwọn kan rí. Ní 1998, quarterback méjì ni gbogbo ayé ń pariwo: Peyton Manning àti Ryan Leaf. San Diego Chargers wà ní ipò kẹta bíi tiyín gẹ́lẹ́. Wọ́n fi agbábọ́ọ̀lù méjì, ipò ìpele kìíní méjì àti ti ìpele kejì kan ra ipò kejì lọ́wọ́ Arizona. Leaf ni wọ́n fi mú. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù 2 péré ló jù tó di touchdown, ìyẹn ayò, ìgbà 15 ló sì ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ alátakò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí wọn kì í sábà sọ. Manning tí Indianapolis Colts mú ṣe ipò kìíní, ní sáà kan náà yẹn, ìgbà 28 ló ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ alátakò. Mẹ́ta péré ni wọ́n borí nínú ìdíje 16. Tó bá jẹ́ pé ojú ọdún kan ni wọ́n fi wò ó, wọn ì bá ti lé e lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí pápá, wọ́n ń bá a ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n borí nínú 13. Ẹni tó gbin iṣu tó ń wú u yẹ̀ wò lójoojúmọ́, ebi ni yóò pa á. Èmi ò rò pé ojú nìkan ni ọ̀rọ̀ yín ní Chicago. Ilẹ̀ yín ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì Dallas
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Mo ti ka gbogbo yín, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibi tó ń dun èmi. Ojú tí ẹ ń sọ yẹn, ta ló ni ín? Warren Moon parí yunifásítì ní 1978. Ìpele 12 ni draft ní nígbà náà, kò sí ẹgbẹ́ kan tó mú u. Ó kọjá sí Edmonton ní Kánádà, ó gba Grey Cup, ife-ẹ̀yẹ wọn, márùn-ún níbẹ̀ kí NFL tó ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n wá gbé e wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni eré náà, ní 2006. Ẹ ó ní àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa. Lamar Jackson gba Heisman ní 2016, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì. Ní 2018, Bill Polian, ẹni tó mú Manning fún Colts gan-an, jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí ọmọ náà lọ máa sáré gba bọ́ọ̀lù, kó má ṣe quarterback. Quarterback mẹ́rin ni wọ́n mú ṣáájú rẹ̀. Òun ni ìkejìlélọ́gbọ̀n, ẹni tó kẹ́yìn ìpele kìíní. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà ló di MVP, agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní sáà, gbogbo ẹni tó dìbò pátá ló dìbò fún un. Ó tún gbà á fún sáà 2023.

Àwọn tó ń yan kì í wo ọmọ tó dúró níwájú wọn, àwòrán tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n ń wò. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọdún 15, láti kékeré ló ti ń ṣe quarterback. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí a gbé e lọ, wọn ò tíì rí i kó ju bọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fi ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kó lọ ṣe receiver, ẹni tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù.

Kóòṣì Tọ́pẹ́ Maryland
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Òótọ́ ni ẹ sọ, ó sì ń dùn mí torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ ká máa wo fídíò eré quarterback, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ láìwò.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wò, bọ́ọ̀lù ló ń tẹ̀ lé lójú: báwo ló ṣe jìnnà tó, báwo ló ṣe le tó. Èmi, nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá wo eré kan, n kì í wo bọ́ọ̀lù rárá. Orí àti ẹsẹ̀ ni mo ń wò. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣé ó ti rí i pé ẹni tó ń dènà lápá òsì ti sún síwájú? Ṣé ó yí ètò padà, àbí ó kàn ń dúró? Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀: kò ní ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ jù ú sí, wọ́n ti dí i. Ṣé orí rẹ̀ yí sí ẹnì kejì, sí ẹnì kẹta, àbí ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹni àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n fi àtè mú? Tí òmìrán kan bá ń já bọ̀ lójú rẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó ń ju bọ́ọ̀lù? Mo máa ń wá ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdánù, tí òjò ń rọ̀, tó ti ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ni mo fẹ́ rí.

Ẹ wo Mahomes ní yunifásítì Texas Tech. Ní 2016, ó ju yáàdì 734 nínú ìdíje kan pẹ̀lú Oklahoma, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù, 66 sí 59. Àwọn kan wò ó, wọ́n ní eré tí kò sí ìdènà nìyẹn, ẹnikẹ́ni lè jù ú. Brett Veach tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún Chiefs wo ọmọ kan náà, kò sì jẹ́ kí Andy Reid, kóòṣì àgbà wọn, gbádùn títí òun náà fi jókòó wò ó. Ìyẹn ni pé Ọmọ Ìbàdàn kò parọ́, ojú ju ojú lọ. Wọ́n sún láti ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n sí ìkẹwàá torí rẹ̀, wọ́n fún Buffalo ní ipò ìpele kìíní ti 2018 pẹ̀lú.

Délé Mushin
Mo gbọ́ pé wọ́n tún máa ń wọn ọwọ́ wọn?

Kóòṣì Tọ́pẹ́ Maryland
Bẹ́ẹ̀ ni, ní Indianapolis, níbi ìdánwò tí wọ́n ń pè ní combine. Wọ́n á wọn gíga, ìwúwo, àtẹ́lẹwọ́ láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Àtẹ́lẹwọ́ Joe Burrow jẹ́ ínǹṣì 9 ní 2020, àwọn kan sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Sáà kejì rẹ̀ ló gbé Cincinnati dé Super Bowl. N kò ní kí wọ́n má wọn nǹkan o. Ẹni tó bá kúrú jù, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á máa bá ọwọ́ àwọn tó wà níwájú pàdé. Àmọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ń ṣe lálẹ́ níbẹ̀ ṣe pàtàkì sí mi ju rúlà lọ. Wọ́n á gbé ètò kan hàn án, wọ́n á sọ̀rọ̀ mìíràn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá ní kó yà á sójú pátákó láìwò.

Bàbá Ṣẹ́gun Houston
Ìdánwò ọpọlọ náà ńkọ́? Ní 2023, wọ́n jẹ́ kí èsì ìdánwò S2 ti C.J. Stroud jáde síta, wọ́n ní kò ṣe dáadáa. Inú bí mi gan-an. Èsì ọmọ ọlọ́mọ, kí ló gbé e dé ìwé ìròyìn? Carolina mú Bryce Young ní ipò kìíní, Houston wa níbí mú Stroud ní ìkejì. Kó tó parí sáà yẹn, ó ju yáàdì 470 lu Tampa Bay, kò sí ọmọ tuntun tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìdíje kan. Mo wò ó títí dé òpin, omi bọ́ lójú mi.

Àkànní Cleveland
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ojú, ẹ ò sọ̀rọ̀ owó. Owó ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kánjú. Ní 2010, St. Louis fún Sam Bradford ní àdéhùn mílíọ̀nù 78 dọ́là kó tó ju bọ́ọ̀lù kan. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òfin yí padà, Cam Newton tóun náà wà ní ipò kìíní gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 22. Látìgbà náà, quarterback tuntun tó dára jẹ́ ọjà ọ̀pọ̀ fún ọdún mẹ́rin, ẹgbẹ́ á wá fi owó tó ṣẹ́ kù kó èèyàn jọ yí i ká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi gbogbo oko ra irúgbìn kan.

Kí ni àwa ṣe ní Cleveland? Ní 2022, a kó ipò ìpele kìíní mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Houston nítorí Deshaun Watson, a sì fún un ní mílíọ̀nù 230 tí a ò lè yẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ̀sùn àwọn obìnrin wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a mú u, NFL sì dá a dúró fún ìdíje 11. Ìdíje 19 ló gbá fún wa nínú sáà mẹ́ta. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀sùn yẹn kò pamọ́. Ẹni tó ń yan rí i, ó gbójú kúrò.

San Francisco náà fi ìpele kìíní mẹ́ta ra ipò kẹta ní 2021, wọ́n fi mú Trey Lance. Ọdún kejì, wọ́n mú Brock Purdy, ẹni 262, ẹni ìkẹyìn pátápátá nínú draft. Ta ló gbé wọn dé Super Bowl ní 2024? Purdy. Ọ̀rọ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ máa mú quarterback lọ́pọ̀ ìgbà lówó pọ́ọ́kú, kó yé ta ilé torí ẹnì kan.

Kóòṣì Tọ́pẹ́ Maryland
Àkànní, n kò bá ẹ débẹ̀. Purdy kan wà, Tom Brady kan wà ní ipò 199 ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n mú níbẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rántí orúkọ wọn. Ipò òkè náà kò ṣeé fojú rénà.

Ọmọ Ìbàdàn Chicago
Bàbá Ṣẹ́gun, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ sọ. Ní 2024, Caleb Williams dé ọ̀dọ̀ wa ní ipò kìíní. Ìgbà 68 ni wọ́n dá ọmọ náà wólẹ̀ lẹ́yìn ìlà ní sáà kan. Wọ́n lé ẹni tó ń ṣètò ìkọlù, wọ́n tún lé kóòṣì àgbà kí sáà tó parí. Nígbà tí Ben Johnson wá dé ní 2025, ọmọ kan náà, ọwọ́ kan náà, a gba ipò kìíní ní NFC North, ìsọ̀rí ẹgbẹ́ mẹ́rin tí a wà. Nítorí náà n kò lè sọ pé ojú nìkan ni.

Délé Mushin
Ṣé Mahomes ì bá ti bàjẹ́ ní Chicago nìyẹn?

Bàbá Ṣẹ́gun Houston
Wò ó báyìí. Ní Kansas City, ó jókòó lẹ́yìn Alex Smith, quarterback tó ti wà níbẹ̀, fún odindi sáà kan, ìdíje ìkẹyìn nìkan ni wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Smith mọ̀ pé ọmọ yìí máa gba ipò òun, síbẹ̀ ó kọ́ ọ níṣẹ́. Andy Reid ló wà lórí rẹ̀. Lọ́dún kejì, touchdown 50. Ní Chicago, ìdíje mẹ́rin ni Trubisky fi jókòó kí wọ́n tó tì í jáde, wọ́n sì lé John Fox tó jẹ́ kóòṣì rẹ̀ nígbà tí sáà parí. Ó di kó máa kọ́ ètò kóòṣì mìíràn bí ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun. Mahomes ì bá gòkè, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì bá yá tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn Chicago
Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Trubisky lọ bá Andy Reid, kò ní di Mahomes. Ibẹ̀ yẹn n kò ní kúrò.

Bàbá Ṣẹ́gun Houston
Èmi náà kò ní kí o kúrò níbẹ̀.

Kóòṣì Tọ́pẹ́ Maryland
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n rí eré ọmọ yín. Ẹ má fi èyí tí wọ́n gé dáadáa nìkan ránṣẹ́. Ìdíje odindi kan ni mo fẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n pàdánù.

Ìyá Ìbejì Dallas
Kóòṣì, ẹ ṣeun. Mo ti fi èyí tí wọ́n gbá kó tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Wọ́n pàdánù. Ó ju ìkan sọ́wọ́ alátakò ní ìdá kẹta, ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Kóòṣì Tọ́pẹ́ Maryland
Ó ti dé. Mo ń wò ó lọ́wọ́.