2520 kọ́ ni nọ́ńbà kan ṣoṣo tí 1 títí dé 10 lè pín

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé 2520 nìkan ni nọ́ńbà tí 1 títí dé 10 lè pín láìṣẹ́kù. Irọ́ ni. 5040 ṣeé pín bẹ́ẹ̀, 7560 náà ṣeé pín, wọn ò sì lópin. 2520 kàn kéré ju gbogbo wọn lọ ni.

Ẹ wo bó ṣe jáde. 8 nílò 2 mẹ́ta (2 × 2 × 2), 9 nílò 3 méjì (3 × 3), ẹ wá fi 5 àti 7 kún un: 8 × 9 × 5 × 7 = 2520. 4, 6 àti 10 ti wà nínú ìyẹn, ẹ má tún kó wọn wọlé. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á sọ 1 dé 10 di púpọ̀ mọ́ra, wọ́n á bá ara wọn ní 3628800, ìyẹn 2520 lọ́nà 1440.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà tún ní àṣírí 2520 ni ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ oṣù àti oṣù ọdún: 7 × 30 × 12. Ìṣirò yẹn pé o, àmọ́ oṣù mẹ́rin péré ló ní ọjọ́ 30 géérégé. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, torí 2 mẹ́ta, 3 méjì àti 5 kan náà ló wà nínú 30 àti 12.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dé 12, ẹ fi 11 sọ ọ́ di púpọ̀: 27720. 12 fúnra rẹ̀ ò fi nǹkan kan kún un.