Ṣé kí n mú àwọn ọmọ lọ wo bàbá wọn ní Kìrìkìrì?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Oṣù 14 rèé tí ọkọ mi ti wà ní Kìrìkìrì, wọn ò tíì dá ẹjọ́ ẹ̀, wọ́n kàn ń sún un ni. Dubai ni mo sọ fáwọn ọmọ pé dádì wọn lọ. Èyí àgbà, ọmọ ọdún 9, ló bi mí lánàá pé ṣé Dubai náà ni wọ́n ń pè ní Kìrìkìrì, wọ́n ti fi bú u nídìí bóhóòlù. Kí ni kí n ṣe?

Alàgbà Sábo: Ẹ má mú wọn débẹ̀ o! Ọmọ tójú ẹ̀ bá ti mọ géètì ẹ̀wọ̀n láti kékeré, kí ló tún máa bà á lẹ́rù lọ́la?

Ọmọ Èbúté: Bàbá, ẹ má bínú, èmi gan-an lọmọ tẹ́ ẹ ń sọ yìí. Ọdún mẹ́fà ni bàbá mi lò, mọ́mì mi ní òkè òkun ló wà, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ni mò ń sáré yọjú wò, nígbà tó yá mo gbà pé ó ti gbàgbé mi ni, mi ò sì rò ó mọ́. Ọjọ́ tó wá dé, "ẹ káàsán sà" ni mo kí i, bí ẹni ń kí lándílọ́ọ̀dù. Títí dòní, tá a bá jọ jókòó, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan la ń sọ.

Sìstá Ágríìkì: Ẹ sọ tówó ọkọ̀ náà o. Mile 12, Oshodi, Mile 2, ká tún wá wọ kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti oúnjẹ tí wọ́dà á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò lójú òun. Ìyàwó àbúrò mi ṣe é ṣe é, ó sú u, kì í sì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọkọ ẹ̀.

Alàgbà Sábo: Ìtìjú ńkọ́? Tí wọ́n bá wá wádìí ìdílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́: Alàgbà, wọn ò tíì dá a lẹ́bi kẹ̀! Ó lé ní ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé ìdájọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n fi òfin 2019 pa orúkọ ẹ̀wọ̀n dà, àmọ́ kóòtù ò tìtorí ẹ̀ yára. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, a ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ bàbá wọn, ohun tó kọ ni "ó ń bọ̀".

Ìyá Ìbejì: Ẹ ti pa mí lẹ́kún. Èyí àgbà nìkan ni màá kọ́kọ́ mú dání, àwọn ìbejì ṣì kéré. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n se ìrẹsì ni àbí ẹ̀bà?

Sìstá Ágríìkì: Ìrẹsì jàre, ọ̀nà jìn. Ẹ mú ṣíbí méjì.