Ṣé kí àwọn ọmọ wa ṣì máa wo Snow White?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè: Ẹ kú ọ̀sán o. Èmi àtàwọn ìbejì mi tún Snow White, fíìmù àwòrán tí Walt Disney gbé jáde ní ọdún 1937, wò lánàá. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí bàbá mi rà ní Ìdúmọ̀tà ni mo fi ṣèwe, àmọ́ lánàá ara mi ò gbà á. Ọmọge ń gbálẹ̀, ó ń dáná fún aràrá méje, ó gba ápù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì sùn títí ọmọ ọba fi wá fẹnu kò ó lẹ́nu. Kí ni kí ọmọbìnrin rí mú níbẹ̀?

Bọ̀dá Agége: Ìyá Ìbejì, ẹ wo ti ìyàwó bàbá rẹ̀ ná. Ayaba ni, kò sóhun tí kò ní, síbẹ̀ ó ń bi dígí ta ló rẹwà jù. Ìlara ni wọ́n ń sọ. Ọmọ yẹn náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀: òun ló lé àwọn aràrá lọ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, wọ́n sì lọ!

Ayàwòrán Yábàá: Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á látòkèdélẹ̀, fíìmù tó lé ní wákàtí kan, tí àwòrán 24 ń kọjá lójú ẹni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ibi tí ayaba ti mu oògùn tó sọ ọ́ di arúgbó: ó na ọwọ́ síwájú, ìka ń gbẹ, èékánná ń yọ bíi ti àṣá. Mo dán ọwọ́ yẹn wò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò jọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fún Walt Disney ní àmì ẹ̀yẹ Oscar lórí rẹ̀ ní 1939, ère ńlá 1 àti kéékèèké 7 ni. Ó tọ́ sí wọn.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè: Mi ò bá iṣẹ́ ọwọ́ jà, àbúrò. Kẹ́hìndé ló bi mí pé, "Mọ́mì, ó ń sùn, ta ló ní kó fẹnu kò ó lẹ́nu?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Tíṣà Èbúté-Mẹ́ta: Ìbéèrè ọmọ yẹn dáa púpọ̀. Ẹ sọ fún un pé kò sí ìfẹnukonu nínú ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm ti Jámánì, tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Àwọn ìránṣẹ́ tó ru pósí dígí ló kọsẹ̀, ápù tó há a lọ́fun bá jáde, ó lajú. Ẹ̀ẹ̀mẹta layaba sì wá tàn án: okùn, òòyà, kó tó kan ápù. Àlọ́ ṣáà ni, ẹnu ẹni tó ń pa á ló wà.

Bọ̀dá Agége: Tíṣà, ìfẹnukonu yẹn làwa fi mọ fíìmù náà! Àwọn aràrá ò lè sin ín nítorí ẹwà rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń sunkún. Èmi náà ń sunkún níbẹ̀ dòní.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè: Èmi náà sunkún, Bọ̀dá mi. Àmọ́ lálẹ́ òní, àlọ́ ni màá pa fún wọn, kí ẹni tó ru pósí kọsẹ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orin tí wọ́n á máa gbè. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń sùn.