Ẹ ní ẹ ò mu ṣúgà, kí ló wá wà nínú agolo yẹn?

Lánàá, níbi tí a ti ń mu tíì lẹ́bàá ọjà Wandó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹ̀gbọ́n kan tó ní àtọ̀gbẹ jókòó tì mí. Wọ́n ní kí onítíì má fi hóró ṣúgà kankan sí tiwọn. Inú mi ti ń dùn, àfi bí wọ́n ṣe ní, "Ṣùgbọ́n da mílíìkì sí i dáadáa." Ṣíbí mẹ́rin gbáko, èyí tó ki bí oyin! Mo la ẹnu báyìí, wọ́n ní, "Dókítà ní kí n má mu ṣúgà, wọn ò ní kí n má mu mílíìkì. Àbúrò, mu tìrẹ."

Ó ti sú mi o. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ ní Kétu, òun náà ni mo gbọ́ níbi ìsìnkú kan ní Sábẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara agolo náà. "Lait concentré sucré", ìyẹn wàrà kíki tí wọ́n fi ṣúgà sí. Kí ni wọ́n ń pè ní "sucré" nílé ìwé tí ẹ lọ? Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ṣúgà ń lọ bíi 55. Bíi 45 nínú rẹ̀ ni wọ́n bù sí i, ìyókù ni ti wàrà fúnra rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó gíráàmù 20, ìyẹn ni pé ṣíbí mẹ́rin ẹ̀gbọ́n gbé ṣúgà bíi gíráàmù 44 wọlé: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hóró mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní yóò dára kí ṣúgà tí wọ́n ń bù sí nǹkan má ju bíi gíráàmù 25 lọ lóòjọ́.

Ẹ sì wo agolo yẹn lórí tábìlì onítíì. Ó wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ooru yìí, kò kan. Ẹ ṣí èyí tí kò ní ṣúgà síbẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá tọ́ ọ wò lálẹ́. Ṣúgà ni kò jẹ́ kó bàjẹ́!

Èmi náà ní àtọ̀gbẹ, ọdún kẹfà rèé, mo sì ní ẹ̀rọ ìgúnka tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó fẹnu kan nǹkan, ó jẹ́ gíráàmù 1,21 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Mo mu tíì pẹ̀lú ṣíbí mẹ́rin náà, láìjẹ búrẹ́dì, kẹ́nikẹ́ni má baà di ẹ̀bi ru búrẹ́dì. Wákàtí kan lẹ́yìn náà: 2,17. Lọ́jọ́ kejì mo lo mílíìkì ìyẹ̀fun tí kò ní ṣúgà, pẹ̀lú hóró ṣúgà kan ṣoṣo: 1,56.

Wọ́n á ní ìkókó ń mu ún. Ìkókó ń yàgbẹ́ sára náà. Wọ́n á ní ewúro tí wọ́n mu lálẹ́ á fọ̀ ọ́ dànù. Mi ò ráyè ìyẹn. Ó lè má gòkè lára yín tó bó ṣe gòkè lára mi, ara ò dọ́gba. Ẹ gún ìka yín wò.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni fi tíì dídùn sílẹ̀. Èmi ń se ewé tíì pọ̀ mọ́ atalẹ̀, mílíìkì ìyẹ̀fun, hóró kan, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ àkàrà.

Ẹ̀gbọ́n mu tiwọn tán lánàá, wọ́n tún fi ṣíbí ha ìdí ife.