Ìpẹ́ akíka àti polo funfun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi kí n tó sùn. Láàárọ̀ yìí ni mo rí fọ́tò kan lórí fóònù: àwọn ọ̀dọ́ bí ogún, gbogbo wọn wọ polo funfun, flẹ́kísì gbàgàdà wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Wọ́n ní owó ti jáde láti fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ẹran igbó. Àwọn èèyàn ti tò sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o", "Ọlọ́run á bù sí i". Èmi náà kọ tèmi, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún un pa rẹ́. Mo mọ polo yẹn. Ọ̀kan wà nínú àpótí mi.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n pè mí pé kí n wá ṣe ògbufọ̀ níbi irú rẹ̀. Abúlé kan ní J4, létí igbó ọba Omo, ni, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Oré á mọ àdúgbò náà. Igbó Omo yìí, láti ọdún 1925 ni ìjọba ti pààlà sí i, nígbà tó sì di 1977, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí gbogbo ayé máa ṣọ́. Erin wà níbẹ̀ títí dòní. Erin gidi o, kì í ṣe ti inú ìwé àlọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò. Tíì àti búrẹ́dì láàárọ̀, ìrẹsì inú ike lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ tí ariwo rẹ̀ ju ti olùkọ́ lọ.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí n ó pè ní Ọdẹ́yẹmí, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Bàbá rẹ̀ ọdẹ, bàbá bàbá rẹ̀ ọdẹ. Lọ́jọ́ kejì, a wọ inú igbó lọ kí ọ̀gá olùkọ́ lè fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń so kámẹ́rà mọ́ igi, èyí tó máa ń dá ya fọ́tò bí nǹkan bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo igi kan, ó ní ibí yìí ló dáa. Ọdẹ́yẹmí fà mí láṣọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé ọ̀nà oko kòkó nibí. Ẹran kì í gba ibí."

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí òkìtì ikán kan wà tí nǹkan ti gbẹ́ ìdí rẹ̀. Erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù. Ó ní akíka, ẹran tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀, ló wá jẹun níbẹ̀ lóru, àti pé kò tóbi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka mẹ́ta bọ ojú ibi tí èékánná ẹranko náà họ, ó ṣe rẹ́gí.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ó ní kò sí àyè, àpẹẹrẹ lásán la fẹ́ ṣe. Wọ́n so kámẹ́rà mọ́ igi tiwọn. Nígbà tí wọ́n tú u lọ́jọ́ kẹta, ó ya ìyá kan tó ru kòkó, ó ya ajá méjì, ó sì ya ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá níbi tó ti ń tọ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín sátífíkéètì, Ọdẹ́yẹmí gba tirẹ̀, a ya fọ́tò, mọ́tò gbé wa lọ.

Ó mú sátífíkéètì náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀ṣọ́ igbó. Wọ́n ní WAEC rẹ̀ ńkọ́? JSS 2 ló dúró sí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà fún iṣẹ́ yìí ní New Bussa láti ọdún 1978 ńkọ́? Ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì kò dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó mọ akíka tó jẹun lóru àná, ìṣirò ni wọ́n ní kó lọ kọ́kọ́ yege.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé ìmọ̀ kì í ṣòfò, pé ibì kan la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣé. Nínú igbó yìí kan náà, àwọn ọdẹ tó ti gbé ìbọn sílẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣọ́ erin báyìí, kì í sì í ṣe polo ló gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n rí, tó ń mówó wálé. Owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn, òtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mọ́tò, flẹ́kísì, ike ìrẹsì, èló nínú rẹ̀ ló dúró sí abúlé? Kí n má purọ́, èmi náà gba tèmi, ọmọ yẹn ò sì lè rí iye tí mo gbà ní oṣù méjì.

Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí akíka: kò léyín, èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń bí. Ó gbé fọ́tò àwọn àpò tí wọ́n gbà ní Singapore lóṣù kẹrin ọdún 2019 sójú ògiri, ẹrù méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìpẹ́ akíka tó lé ní tọ́ọ̀nù 25. Láti Nàìjíríà ni méjèèjì ti gbéra, Vietnam ni wọ́n ń kó o lọ. Ó wá sọ iye tí wọ́n ń ta kílò kan lọ́hùn-ún, ní dọ́là. Kó lè yé wọn dáadáa, mo fi fóònù mi ṣírò rẹ̀ sí náírà fún wọn.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnì kan súfèé. Ọdẹ́yẹmí ní, "Ṣé ìpẹ́ tí ìyá mi máa ń dà sí ààtàn náà nìyẹn?" A tún rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ìjẹta ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó kí mi, ó kí àwọn ọmọ, ó ní òjò ti ba kòkó wọn jẹ́. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń ra ìpẹ́ tí ẹ sọ nígbà yẹn, ṣé ẹ lè bá mi wá nọ́ńbà wọn?"

Mo ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́rin. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ nídìí ẹ̀, àmọ́ ìyẹn náà wà nínú ohun tí mo túmọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn, ó sì gbọ́ ọ. Mo fẹ́ sọ pé kó ní sùúrù, iṣẹ́ ń bọ̀. Iṣẹ́ wo? Àmì búlúù ti yọ lórí ohùn náà, ó ti rí i pé mo gbọ́ ọ.